Títọ́jú Ẹ̀dà Kóòdù Orísun FreeBSD

Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo FreeBSD, inú fódà /usr/src ni ẹ̀dà kóòdù orísun máa ń wà. Kóòdù orísun ni ohun tí àwọn tí ó ṣe ètò ìṣiṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara wọn kọ, kí wọ́n tó sọ ọ́ di fáìlì tí ẹ̀rọ lè lò. Kernel, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà, wà nínú sys. Àwọn àṣẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí ls àti cp, wà nínú bin. Irinṣẹ́ àwọn alábòójútó ẹ̀rọ wà nínú sbin àti usr.sbin, àwọn láíbìrì tí gbogbo wọn jọ ń lò sì wà nínú lib. Níbí ni FreeBSD ti yàtọ̀ sí Linux. Kernel nìkan ni Linux ní tòótọ́; àwọn tí ó ń ṣe Debian tàbí Fedora ni wọ́n ń kó kernel yìí àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò mìíràn jọ láti ọ̀dọ̀ onírúurú ènìyàn. Ní ti FreeBSD, ọwọ́ kan náà ló ń tọ́jú kernel àti àwọn àṣẹ, ibi ìpamọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì wà. Ẹni tí ó bá mú /usr/src bá ìgbà mu ti mú kóòdù gbogbo ètò náà bá ìgbà mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oríṣiríṣi ìdí ló ń mú kí ènìyàn tọ́jú ẹ̀dà yìí. Ẹnì kan fẹ́ yọ àwọn dráífà tí kò wúlò fún un kúrò nínú kernel. Ẹlòmíràn ń bójú tó sáfà, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àtúnṣe ààbò kí ó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ka bí TCP ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó sì gba inú sys/netinet lọ. Ohun tí ó kan gbogbo wọn ni pé ẹ̀dà tí ó ti pẹ́ jù máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí káàdì Wi-Fi rẹ̀ ń dà láàmú lè fi odindi ọjọ́ kan ka dráífà rẹ̀ nínú sys/dev, kí ó sì jẹ́ pé kernel tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kò wá láti inú kóòdù tí ó ń kà rárá. Nítorí náà, ìgbàkígbà ni ó yẹ kí olùtọ́jú ẹ̀dà lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ẹ̀ka wo ni ẹ̀dà náà wà, orí àtúnṣe wo ni ó dé, àti pé láti inú èwo ni wọ́n ti kọ́ ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ báyìí.

Ọ̀nà tí kóòdù yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ti yí padà nígbà mélòó kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ FreeBSD ní 1993, CVS ni wọ́n fi ń pa kóòdù mọ́. John Polstra kọ CVSup, èyí tí ó ń fi àwọn ìyàtọ̀ nìkan ránṣẹ́ dípò kí ó tún gbogbo fáìlì fi ránṣẹ́. Fún àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò dára, Poul-Henning Kamp ṣe CTM, tí ó ń di àwọn àtúnṣe sínú ímeèlì, kí ẹni tí kò ní ju ímeèlì lọ má baà pàdánù. Ní 2008 wọ́n kó kóòdù náà lọ sínú Subversion. Ní oṣù Kejìlá 2020 wọ́n kó o lọ sínú Git, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ìwé tàbí àkọsílẹ̀ tí ó bá ní kí a lo csup, cvsup tàbí svnlite ti di ti àtijọ́. Àwọn sáfà tí irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ń bá sọ̀rọ̀ kò gbé àtúnṣe tuntun kankan mọ́.

Yíyan ẹ̀ka

Ìpinnu tí ó ṣe pàtàkì jù wà ṣáájú àṣẹ àkọ́kọ́. Oríṣi ẹ̀ka mẹ́ta ló wà.

Ẹ̀ka main ni iṣẹ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní CURRENT. Ojoojúmọ́ ni àtúnṣe ń wọlé síbẹ̀, èyí tí ó dára àti èyí tí wọ́n máa yọ padà lọ́jọ́ kejì. Kernel GENERIC ti ẹ̀ka yìí máa ń ní WITNESS àti INVARIANTS nínú, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí ó ń wá àṣìṣe inú kernel nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń mú kí ẹ̀rọ fà. Kò túmọ̀ sí pé main kò ṣeé lò fún iṣẹ́ gidi o. Netflix ń lò ó lórí àwọn sáfà Open Connect tí ó ń gbé fíìmù dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó sàn kí ènìyàn máa bá ìṣòro pàdé díẹ̀díẹ̀ ju kí gbogbo rẹ̀ dà lù ú lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ṣùgbọ́n Netflix ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n lè tún kernel ṣe. Ẹni tí kò ní irú wọn kò gbọdọ̀ fi main sórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ń dúró dè.

Ẹ̀ka stable, bíi stable/14, máa ń gba ohun tí wọ́n ti dán wò ní main. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àtúnṣe ní main máa ń ní ìlà kan tí ó kà báyìí: MFC after: 1 week. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olùkọ̀wé náà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò kígbe, kí ó tó gbé e wá sí stable. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò sọ pé láti orí àtúnṣe wo ní main ni wọ́n ti mú un wá. Ẹni tí ó bá ń ka stable lè tipa bẹ́ẹ̀ padà lọ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ka releng, bíi releng/14.3, jẹ́ ti ìtẹ̀jáde kan pàtó. Àtúnṣe ààbò àti ti àṣìṣe ńlá nìkan ló ń wọlé síbẹ̀. Òun ni ó yẹ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, àti fún gbogbo sáfà tí kò ní ẹni tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́.

Ewu kan wà ní releng tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìtẹ̀jáde tí ó tẹ̀ lé e bá jáde ni àtìlẹ́yìn fún ẹ̀ka releng máa ń parí. Git kò mọ èyí, kò sì ní sọ ọ́. Ẹni tí ó wà lórí releng/14.1 yóò máa pàṣẹ git pull lóṣooṣù, Git yóò sì máa dá a lóhùn pé "Already up to date", òtítọ́ sì ni: ẹ̀dà rẹ̀ bá ẹ̀ka náà dọ́gba. Ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló ti dákẹ́. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá láìsí àtúnṣe kankan lórí releng, ó yẹ kí olùtọ́jú wo ojú ìwé ààbò FreeBSD kí ó mọ̀ bóyá ìtẹ̀jáde rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń bójú tó. Ní ti stable/14, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2028 ni wọ́n dá fún òpin rẹ̀.

Gbígba ẹ̀dà àkọ́kọ́

Git kò sí nínú FreeBSD gan-an, nítorí náà pkg ni a ó fi gbé e wọlé:

pkg install git

Git kì í gba ẹ̀dà sínú fódà tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti kó kóòdù sí /usr/src nígbà tí wọ́n ń fi FreeBSD sórí ẹ̀rọ, a ní láti kó o kúrò. Ẹni tí ó lo ZFS yóò rí i pé mv kò gbà láti yí orúkọ fódà náà padà, nítorí pé ètò ìgbékalẹ̀ ti sọ /usr/src di ìpín ọ̀tọ̀ lórí díìsìkì, zroot/usr/src ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ó pa rẹ́, títí kan àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, kí fódà fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà:

git clone -o freebsd -b releng/14.3 https://git.FreeBSD.org/src.git /usr/src

Ọ̀rọ̀ -o freebsd ń fún sáfà ìpilẹ̀ ní orúkọ freebsd dípò origin. Àǹfààní rẹ̀ yóò hàn nígbà tí ẹni náà bá ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, tí orúkọ méjèèjì kò sì ní dàrú.

Gbogbo ìtàn FreeBSD láti 1993 ló ń bọ̀ pẹ̀lú àṣẹ yìí, ó sì ju gígábáìtì kan lọ. Ibi tí dátà ti wọ́n, tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń já, ìṣòro gidi ni èyí, nítorí pé git clone kò mọ bí a ti í máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó ti já. Bí ó bá já ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún padà sí. Ojútùú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gba ojú tí kóòdù ní lónìí nìkan, láìsí ìtàn:

git clone -o freebsd -b releng/14.3 --depth 1 https://git.FreeBSD.org/src.git /usr/src

Èyí tó láti fi kọ́ ètò, ó tó láti fi kà. Bí a bá ṣì fẹ́ ìtàn, a lè máa fà á ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, kí gbogbo èyí tí ó bá ti wọlé má bàa ṣòfò bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún lọ:

git fetch --deepen=2000

A ó máa tún un pa títí, tí a ó fi fi git fetch --unshallow parí rẹ̀ ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dára. Ohun kan wà láti rántí: --depth máa ń gba ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kún un ní láti sọ bẹ́ẹ̀, fún àpẹẹrẹ git remote set-branches --add freebsd stable/14, kí ó tó tún fetch.

Ọ̀nà kejì dára fún kíláàsì tàbí ọ́fíìsì tí ènìyàn pọ̀ sí. Ẹnì kan tí ó ní nẹ́tíwọ̀kì tí ó dúró ṣinṣin yóò gba ẹ̀dà kíkún, yóò sì di ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ sínú fáìlì kan:

git bundle create freebsd-src.bundle stable/14

Orí fláàṣì ni fáìlì yìí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n lè pàṣẹ git clone láti inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé sáfà ni, kí wọ́n sì fi git remote set-url darí ẹ̀dà wọn sí https://git.FreeBSD.org/src.git. Láti ọjọ́ náà lọ, kìkì ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọn yóò máa san dátà fún.

Bí HTTPS bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tí ó ń ráhùn nípa ìwé ẹ̀rí sáfà, kí a kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀, bátìrì kékeré tí ó ń tọ́jú aago ti kú, ẹ̀rọ náà a sì máa jí sí ọdún tí ó ti kọjá. Lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí sáfà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí a tún ọjọ́ ṣe, yóò lọ.

Git.FreeBSD.org ni ojúlówó. Ẹ̀dà tí FreeBSD fúnra rẹ̀ gbé sórí GitHub ní orúkọ freebsd/freebsd-src bá a dọ́gba. Kí a má gba kóòdù ètò ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2012, FreeBSD kéde pé ẹnì kan ti wọ orí méjì nínú àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ SSH tí ó jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn olùkọ̀wé kóòdù. Wọ́n wá inú kóòdù, wọn kò rí ibi tí ó ti fọwọ́ kàn án. Bí Git ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí mú kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rọrùn sí i: àmì ìdánimọ̀ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jáde láti inú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti láti inú àmì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ìlà kan padà nínú àtúnṣe ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo àmì tí ó tẹ̀ lé e ni yóò yí padà, àwọn tí ẹ̀dà wọn wà nílé yóò sì rí i nígbà tí wọ́n bá tún fetch. Ẹ̀dà ilé, bí a bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni fún gbogbo àwùjọ.

Mímú ẹ̀dà bá ìgbà mu

Git pull ni àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi kọ́ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ó pa pọ̀: ó ń mú àtúnṣe wá láti orí sáfà, ó sì ń dà á sórí fáìlì lójú ẹsẹ̀. Fún ètò ìṣiṣẹ́, ó dára kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ojú lè kan ohun tí ń bọ̀ kí ó tó wọlé. Bí ẹ̀dà bá wà lórí stable/14:

cd /usr/src
git status
git fetch freebsd
git log --oneline HEAD..freebsd/stable/14

Git status gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ohun tí a yí padà. Git fetch kò fọwọ́ kan fáìlì kankan, nítorí náà a lè fi cron máa ṣe é lóru nígbà tí dátà rọ̀jú. Àṣẹ ìkẹyìn ń to àwọn àtúnṣe tí ó wà lórí sáfà tí kò tíì sí nínú ẹ̀dà, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kí a ka gbogbo rẹ̀. Fáìlì kan wà tí ó pọn dandan:

git diff HEAD..freebsd/stable/14 -- UPDATING

UPDATING wà ní ìpẹ̀kun òkè /usr/src. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ya àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ́tọ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ fún ọdún, oṣù àti ọjọ́, èyí tí ó tuntun jù wà lókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí yóò bàjẹ́ bí ènìyàn kò bá ṣe nǹkan kan. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni 20230623. Ọjọ́ yẹn ni OpenSSL inú FreeBSD kúrò ní 1.1.1 bọ́ sí 3.0 lórí main, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ni pé kí ẹni tí ó bá gbé ètò rẹ̀ gòkè tún àwọn sọ́fítíwíà tí kì í ṣe ti FreeBSD kọ́. Ẹni tí kò kà á yóò rí i pé àwọn ètò tí ó ti fi pkg gbé wọlé ń wá láíbìrì tí kò sí mọ́, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kíka UPDATING ń gbà. Kò sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ó tó o ní èrè.

Lẹ́yìn tí a bá ti kà á:

git merge --ff-only freebsd/stable/14

Ọ̀rọ̀ --ff-only ń pàṣẹ fún Git pé kí ó tẹ̀ síwájú tààrà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú sáfà, kí ó má sì da ohunkóhun pọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹnì kan ti fi àtúnṣe tirẹ̀ sórí ẹ̀ka náà, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́ kí a tó lọ síwájú. Kíkọ̀ yẹn, ààbò ni.

Iná lè lọ nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó ba ibi ìpamọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n Git lè fi fáìlì .git/index.lock sílẹ̀, kí ó sì máa ní ẹlòmíràn ń lo ẹ̀dà náà lọ́wọ́. Kí a rí i dájú pé kò sí Git mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́, kí a pa fáìlì yẹn rẹ́, kí a sì fi git fsck yẹ ibi ìpamọ́ wò. Ẹni tí ó lo ZFS lè ṣe snapshot ìpín zroot/usr/src ṣáájú, yóò sì fi zfs rollback padà sí ibi tí ó ti kúrò.

Ohun méjì mìíràn máa ń da ẹ̀dà rú. Àkọ́kọ́ ni freebsd-update. Ètò yìí ń gbé àtúnṣe tí wọ́n ti kọ́ tán wá fún àwọn tí kò fẹ́ kọ́ nǹkan fúnra wọn, ṣùgbọ́n nínú /etc/freebsd-update.conf, ìlà Components sábà máa ń ní src, kernel àti world. Nítorí src yẹn, freebsd-update yóò máa kọ sínú /usr/src tí Git ń tọ́jú, git status yóò sì kún fún àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Kí a yọ src kúrò nínú ìlà náà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni fáìlì. Ó dára kí a máa fetch pẹ̀lú àkáǹtì lásán, kí a fi ti root pamọ́ fún ìgbà tí a bá ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n láti 2022 ni Git ti ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú fódà tí ẹlòmíràn ni ín, nítorí náà root ní láti sọ lẹ́ẹ̀kan pé òun fọkàn tán an:

git config --global --add safe.directory /usr/src

Àtúnṣe ti ara ẹni

Ẹni tí ó bá yí kóòdù padà kò gbọdọ̀ fi àyípadà rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nínú fáìlì. Kí ó ṣe ẹ̀ka tirẹ̀, kí ó pè é ní temi tàbí orúkọ mìíràn, kí ó fi git commit kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ohun tí ó ṣe àti ìdí rẹ̀. Stable/14 ti ilé yóò wà bákan náà pẹ̀lú ti sáfà. Nígbà tí stable/14 bá tẹ̀ síwájú, ẹni náà yóò padà sórí temi, yóò sì pàṣẹ git rebase stable/14. Git yóò gbé àwọn àyípadà rẹ̀ kúrò, yóò tò wọ́n sórí ìpìlẹ̀ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá forí gbárí pẹ̀lú ohun tí FreeBSD ṣe, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò sì tọ́ka sí fáìlì náà. Àtúnṣe tí ó bá wúlò fún ẹlòmíràn yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí FreeBSD. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, kò sí ìnira gbígbé e kiri mọ́.

Fáìlì tí a fi ń ṣètò kernel, ìyẹn èyí tí ó máa ń wà nínú sys/amd64/conf, kò yẹ kí ó gbé inú /usr/src rárá. Kí a fi í sí /root/kernels, kí a sì fi ln -s so ó mọ́ ibi tí ó yẹ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó pa /usr/src rẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, iṣẹ́ tí ó wà nínú fáìlì yẹn kò sì gbọdọ̀ bá a lọ.

Ẹni tí ó nílò ẹ̀ka méjì pa pọ̀ kò ní láti gba ẹ̀dà méjì. Git worktree add yóò ṣí ẹ̀ka kejì sí fódà mìíràn, tí méjèèjì yóò sì jọ máa lo ìtàn kan náà.

Láti ẹ̀dà dé orí ẹ̀rọ

Kóòdù tuntun tí ó wà nínú /usr/src kò tíì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024, FreeBSD gbé ìkìlọ̀ FreeBSD-SA-24:04.openssh jáde, nípa àléébù CVE-2024-6387 tí ó wà nínú sshd, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń gba àlejò láti ìta. Àtúnṣe rẹ̀ dé orí àwọn ẹ̀ka lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó fetch, tí ó sì merge ní wákàtí yẹn, sshd àtijọ́ ṣì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò lórí ẹ̀rọ rẹ̀, àfi ìgbà tí ó kọ́ ọ, tí ó gbé e sórí ẹ̀rọ, tí ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, bectl create lórí ZFS yóò pa ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, kí ọ̀nà àbọ̀ lè wà. Ìtẹ̀léra rẹ̀ ni:

cd /usr/src
make -j4 buildworld
make -j4 buildkernel
make installkernel
shutdown -r now

Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé -j bá iye kọ́ọ̀ tí ẹ̀rọ náà ní mu. Kernel ló ń ṣáájú nítorí pé kernel tuntun lè gbé àwọn àṣẹ àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ tuntun lè béèrè ohun tí kernel àtijọ́ kò mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tan padà dáadáa:

cd /usr/src
etcupdate -p
make installworld
etcupdate -B
make delete-old
shutdown -r now

Etcupdate ló ń da àwọn fáìlì inú /etc pọ̀ mọ́ ti tuntun láìpa ohun tí alábòójútó kọ síbẹ̀ rẹ́. Make delete-old-libs ń bọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ètò tí a gbé wọlé pẹ̀lú pkg bá ti bá àwọn láíbìrì tuntun mu, kò gbọdọ̀ ṣáájú.

Láàárín buildworld àti installworld, kí ẹnikẹ́ni má merge. Bí kóòdù bá yí padà láàárín méjèèjì, ohun tí wọ́n kọ́ sínú /usr/obj kò ní bá ohun tí ó wà nínú /usr/src mu mọ́, ètò tí yóò sì dé orí ẹ̀rọ lè jẹ́ àbọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ìdí nìyí tí cron fi gbọdọ̀ mọ sórí fetch.

Mímọ ibi tí ẹ̀rọ wà

Uname -v ń sọ ibi tí kernel ti wá. Lórí ẹ̀rọ tí ó ń lo 14.0-RELEASE gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde, ara ohun tí yóò sọ ni releng/14.0-n265380-f9716eee8ab4. Apá kìíní ni ẹ̀ka. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé n ni iye àtúnṣe tí ó ti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibẹ̀. Apá ìkẹyìn ni ìbẹ̀rẹ̀ àmì ìdánimọ̀ àtúnṣe náà, a sì lè fi git show f9716eee8ab4 rí i nínú ẹ̀dà ilé. Nínú ẹ̀dà tí a gbà pẹ̀lú --depth, apá n kò ní sí, nítorí pé kò sí ìtàn tí a lè kà. Àmì ìkẹyìn yẹn tó.

Freebsd-version -kru ń fúnni ní ìdáhùn mẹ́ta: kernel tí ó wà lórí díìsìkì, kernel tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti ìyókù ètò náà. Bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá yàtọ̀, a kò tíì tún ẹ̀rọ tan láti ìgbà tí a gbé kernel wọlé. Fún ẹ̀ka releng, ìlà BRANCH nínú sys/conf/newvers.sh ni a ó fi wé wọn. Ìgbàkígbà tí àtúnṣe ààbò bá wọlé ni nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn p níbẹ̀ máa ń fi ọ̀kan gòkè.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe, tí ó sì dára ṣáájú, àwọn àmì wọ̀nyí ni yóò fi ibi tí ó ti bàjẹ́ hàn. Git bisect start ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó sọ àmì tí ó dára àti èyí tí kò dára, Git yóò mú àtúnṣe tí ó wà ní àárín méjèèjì wá fún ìdánwò, yóò sì máa pín ohun tí ó kù sí méjì títí yóò fi ku ẹyọ kan. Nínú ẹgbẹ̀rún àtúnṣe, ìdánwò bíi mẹ́wàá ti tó. Ẹ̀dà tí ó ní ìtàn nìkan ló lè ṣe èyí, nítorí náà ẹni tí ó ní ti --depth ní láti kọ́kọ́ fa ìtàn dé àmì tí ó dára. Àmì ẹyọ kan tí bisect bá mú jáde ni kí a kọ sínú ẹjọ́ tí a bá gbé lọ sí bugs.FreeBSD.org, pẹ̀lú ohun tí uname sọ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an.